Aago Bàbá Kúrò ní Aké

Láti ìgbà tí Adégbóyèga ti gbé ìyá rẹ̀ kúrò ní Aké wá sí ilé tirẹ̀ lẹ́yìn Kútọ̀ ni ọwọ́ ìyá náà kò ti mọ ibi tí yóò bà mọ́. Ojú Màmá Christianah ti fọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n nílé Aké kò nílò kí ẹnikẹ́ni fà á lọ́wọ́. Níbí, ó ti ṣubú rí níbi tó ti ń wá ọ̀nà balùwẹ̀. Kì í ráhùn. Bí ọmọ rẹ̀ bá ti ibi iṣẹ́ dé láti Èkó, yóò kàn bi í pé, "Gbóyèga, níbo ni wọ́n bá iṣẹ́ àtúnṣe ilé Aké dé?"

"Wọ́n ṣì ń ṣe é lọ, Màmá. Ẹ ní sùúrù."

Tiwátọ́pẹ́, ìyàwó rẹ̀, ló dábàá aago. Aago onígi gíga kan ni, tó ń dá dúró nílẹ̀ ní pálọ̀ Aké. Láti ọjọ́ tí Màmá ti wọlé ọkọ ló ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Tiwátọ́pẹ́ ní, "Bí wọ́n bá ń gbọ́ ọ níbí, ara wọn á balẹ̀."

Ní Sátidé, Adégbóyèga àti Jedidiah, àbúrò Tiwátọ́pẹ́, yọ àwọn irin inú aago náà lọ́tọ̀, wọ́n fi aṣọ wé àpótí rẹ̀, wọ́n gbé e wá. Wọ́n gbé e ti ògiri, wọ́n so àwọn irin wúwo padà, wọ́n sì fi irin gígùn tó máa ń fì kọ́. Adégbóyèga tì í. Ó fì díẹ̀, ó dá. Ilẹ̀ kò tẹ́jú. Ó ká páálí sábẹ́ ẹsẹ̀ kan, ó tún un tì, ìró rẹ̀ ń tiro. Ó fi páálí kún un, ó dẹtí sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ń lọ geere. Ó yí ọwọ́ aago títí tó fi bá ti fóònù rẹ̀ mu, aago náà sì lù.

Ìlẹ̀kùn yàrá Màmá ṣí. Ó fọwọ́ tọ ògiri wá, ó dúró. Tiwátọ́pẹ́ ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n ìyá kò tújú ká.

"Aago bàbá yín nìyẹn."

"Òun ni, Màmá. A fẹ́ kẹ́ ẹ máa gbọ́ ọ ni."

"Bàbá yín kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i nídìí rí. Ká ní ilé ṣì wà ni, ẹ ò ní gbé e." Ó fọwọ́ kan àpótí aago náà. "Gbóyèga, ilé ti wó, àbí?"

Adégbóyèga dọ̀bálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá kò rí i.

"Ògiri ẹ̀yìn ló wó, Màmá, lẹ́yìn tí ẹ kúrò níbẹ̀. Pálọ̀ nìkan ló kù, wọ́n sì ní kò ṣeé tún ṣe. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún yín."

"Ò bá sọ ọ́. Mo ti ń palẹ̀ ẹrù mi mọ́ láti padà sílé."

Ó jókòó, ó sunkún jẹ́jẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́. Nígbà tó ṣe, ó nu ojú rẹ̀.

"Mú mi lọ lọ́la, bí a bá jáde ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fẹ́ fọwọ́ bà á."

Lọ́jọ́ kejì, ó dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé Aké, ó ń fọwọ́ ra igi ìlẹ̀kùn. Ó gbàdúrà ráńpẹ́, ó sì ní kí wọ́n máa lọ.

Nígbà tí wọ́n padà dé, ó ní kí wọ́n gbé aago náà sún mọ́ ìlẹ̀kùn yàrá òun, kí òun lè máa fi ohùn rẹ̀ mọ ọ̀nà padà láti balùwẹ̀. Adégbóyèga tú u, ó tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ń ki páálí bọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì di ìlẹ̀kùn gíláàsì aago mú kó má baà gbá a lórí.