Eruku Aago Kan

Ọdún kẹta rèé tí ìjọba ti kó ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tí kì í kí ara wọn jọ sínú ilé kan ní Kawasaki, pé kí a jùmọ̀ ṣe ègé sílíkọ́nì, ọpọlọ kékeré inú kọ̀ǹpútà, tí Amẹ́ríkà kò tíì ṣe irú rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn aṣojú ìjọba ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, owó ìjọba á dúró, kálukú á padà síbi tó ti wá.

Iṣẹ́ ò sì dára. Èyí tí a ṣe láàárọ̀ ń ṣiṣẹ́. Èyí tí a ṣe lọ́sàn-án, ìdajì rẹ̀ ti bàjẹ́. Eruku ni; ẹyọ kan péré tó bá bà lé ègé kan ti tó láti bà á jẹ́.

"Àwọn èèyàn tiyín ni," ni Nishiwaki wí. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá tiwa du ọjà ló ti wá. "Wọn ò mọ aṣọ iṣẹ́ wọ̀."

"Ìwọ tó ń họra bí ọ̀bọ ńkọ́?" ni mo dá a lóhùn.

Mo gbé ẹ̀rọ tó ń ka eruku sẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́, mo ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń wọlé. Fún ọjọ́ mẹ́ta, aago kan ọ̀sán nìkan ni iye náà ń fò sókè, nígbà tí Ọ̀gá Munakata, olórí gbogbo wa, bá jẹun tán, tó fa sìgá méjì, tó wá wò wá. Èéfín tó ṣẹ́ kù nínú èémí rẹ̀ ló ń bà lé iṣẹ́.

Mo fi ìwé náà han Nishiwaki. Ó kà á, ó dá a padà fún mi.

"Ta ni yóò sọ fún un?" ni mo bi í. "Ẹ̀gbọ́n Nishiwaki, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù."

"Ṣé òní ni mo wá di ẹ̀gbọ́n rẹ, Sugaya?"

Àwa méjèèjì la jọ lọ. Mo tẹ́ ìwé náà síwájú ọ̀gá, a tẹrí ba. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Nítorí eruku yìí, mo ti kọ lẹ́tà pé kí ilé-iṣẹ́ Nishiwaki gba àwọn èèyàn rẹ̀ padà," ó wí. Ó fà á yọ nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó ya á. "Bí mo bá jáwọ́ nínú sìgá lónìí ńkọ́?"

"Ọ̀gá, ọ̀tunla ni Ẹtì; èéfín ò ní tíì tán nínú èémí yín," ni mo fèsì.

Kò wọ yàrá iṣẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀yìn gíláàsì ló dúró sí, Nishiwaki ló ń ṣàlàyé fún àwọn àlejò.

"Ọ̀gá yín ò ní wọlé ni?" ni àgbà inú wọn bèèrè.

"Àwa ni wọ́n ní ká fi hàn yín," ni Nishiwaki fèsì.

Nínú ogójì tí a ṣe lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, mẹ́rìndínlógójì ṣiṣẹ́. Ìjọba fi ọdún méjì kún àkókò iṣẹ́ wa. Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gá fi Nishiwaki ṣe olórí yàrá náà. Oṣù kan gbáko ni àwọn ará ilé-iṣẹ́ tiwa ò fi bá mi sọ̀rọ̀, pé ìwé mi ló gbé ipò náà fún ẹni tó ń bá wa du ọjà.