Ààyè Ò Sí Nílé Ìdáná Ìbídùnní

Ráṣákì káfíńtà ń fi ṣọ́ọ̀kì ya ilé ìdáná náà sórí ilẹ̀, ilẹ̀ sì ń pa á rẹ́ tẹ̀lé e lẹ́yìn. Bó bá ya ibi tí síǹkì máa wà, kó tó ya ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù máa wà, ti síǹkì ti lọ. Kò bínú. Ó ní ilẹ̀ ilé yìí mọ́ tónítóní ju bó ṣe yẹ lọ, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbídùnní dúró tì í, ó ń gbé ẹsẹ̀ kan sọ̀kan. Obìnrin tí kì í lè dúró sójú kan lójú ayé, ṣé inú àlá ló máa ti wá kọ́ ọ?

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ò ju báyìí lọ. Ilé ìdáná Ìbídùnní kéré. Bí ẹnì kan bá ń tẹ ẹ̀bà níbẹ̀, ẹnì kejì á dúró sẹ́nu ọ̀nà bí àlejò tí wọn ò tíì ní kó wọlé. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé òun máa tún un ṣe. Ọkọ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ò kan òun, ibi tó bá wu ìyàwó òun ni kó ti máa dáná. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì wà láti fẹ̀ ẹ́, kí wọ́n wó ògiri tó wà lẹ́yìn iná. Lẹ́yìn ògiri yẹn, yàrá màmá rẹ̀ ni. Adégbìtẹ́, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ti ní kí wọ́n máa gbé màmá bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní Ìsẹ́yìn. Ìbídùnní ò tíì sọ fún màmá o. Ó ní òun ń wá ẹnu tí òun máa fi sọ ọ́. Ráṣákì ní tirẹ̀ kàn fẹ́ mọ ògiri tí wọ́n máa wó ni.

"Màdáámù," Ráṣákì ní, "ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Omi, iná, oúnjẹ. Bẹ́ ẹ bá gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbi tó yẹ, ẹ ò ní máa sáré kiri bí adìyẹ."

Omi ò ní wàhálà. Síǹkì ní òun ò kúrò níbi tí páìpù òun wà, ohùn ìyáálé ló fi sọ ọ́, wọ́n sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Iná náà gbà láti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí èéfín máa ráyè jáde. Fíríìjì ló yarí. Ó ní òun ò lè bá iná gbé ẹ̀gbẹ́ kan náà, pé ooru rẹ̀ ò ní jẹ́ kí òun sinmi láé. Iná ní, "Ta ló tiẹ̀ pè ẹ́?" Ni àwọn méjèèjì bá kẹ̀yìn síra wọn bí orogún tó jà lánàá. Iyọ̀ nìkan ni kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ó ní ibi tí wọ́n bá fi òun sí ni òun máa ṣomi sí.

Ráṣákì ní fíríìjì jàre. Ó ní nínú gbogbo ilé ìdáná tí òun ti ṣe, a kì í fi òtútù ti iná. Àfi kí wọ́n wá ààyè mìíràn fún un.

Ìbídùnní fa téèpù yọ. Nọ́ńbà ti tán lára téèpù náà, ẹnu ló fi ń sọ̀rọ̀. Ó nà án láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé. Téèpù ní, "Ààyè ò sí." Ó nà án láti ìdí síǹkì dé ẹ̀yìn iná. "Ààyè ò sí." Ó ní ṣé ó dá a lójú. Téèpù ní ìgbà wo ni òun pa irọ́ fún un rí, ó sì sáré ká padà sínú ilé rẹ̀. Bó ṣe ń ká lọ bẹ́ẹ̀ ni ilé ìdáná náà ń tẹ̀lé e, tí ó ń sún mọ́ inú díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tí Ìbídùnní dìde, ìgúnpá rẹ̀ ọ̀tún kan ògiri, tòsì náà sì kan ògiri.

Ìbídùnní yọ síǹkì kúrò lórí páìpù, ó gbé e kọ́ àjà, kò bìkítà pé ó ń ṣàròyé. Omi ń ṣàn lọ sókè, ó ń dà sórí páànù láti inú, kò sẹ́ni tó kà á sí nǹkan bàbàrà. Ó ní kí odó bọ́ síta. Odó jáde jẹ́jẹ́. Kò pẹ́, ó padà wọlé, òjò ti pa á, ó ní òun ò mọ ẹnì kankan níta. Ìbídùnní tì í sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó kó àwọn ìkòkò sínú ara wọn, èyí tó tóbi jù wọ inú èyí tó kéré jù, ó wá ku ọmọrí nìkan nílẹ̀. Téèpù ní ààyè ò sí. Ó tú gbogbo rẹ̀ ká, ó tún un tò. Kò tíì gbé nǹkan kalẹ̀ tán tí ọwọ́ rẹ̀ fi ń gbé e kúrò. Ọmọrogùn ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí òun mọ ibi tí òun máa sùn, Ìbídùnní ní kó gbẹ́nu dákẹ́.

Ráṣákì mú òòlù, ó fi kan ògiri ẹ̀yìn iná wò. Ògiri húkọ́.

"Ta ló wà lẹ́yìn ibí?"

"Kò sẹ́nì kankan," Ìbídùnní ní. Ojú tì í. "Màmá mi ni."

Ráṣákì tún kan án. Ògiri tún húkọ́, ó ní "Àwẹ̀ró", oríkì tí màmá fi ń pe Ìbídùnní láti kékeré. Ráṣákì ní kò burú, ògiri tó bá ti ń húkọ́ kì í le láti wó.

Adéoyè, bàbá Ìbídùnní, gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Wọ́n ti kú, gbogbo ilé ló mọ̀, àwọn náà mọ̀. Ẹ̀wù tí wọ́n wọ̀ fún wọn lọ sí sàréè ló wà lọ́rùn wọn, ẹrẹ̀ sì dé orúnkún wọn. Wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ráṣákì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ sà." Kò síbi tí wọ́n lè jókòó sí, wọ́n bá jókòó sórí sílíńdà gáàsì, wọ́n gbé ọwọ́ lé itan.

"Ìbídùnní, kí lò ń wá kiri tí ara rẹ ò balẹ̀ báyìí?"

"Ààyè ni, bàbá."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ààyè? Wá wo ọ̀dọ̀ wa níbẹ̀. Ààyè pọ̀. Ó pọ̀ débi pé bí mo bá pe ènìyàn láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni ohùn mi ń tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀." Wọ́n gbọn ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ wọn sílẹ̀, ilẹ̀ nù ún kúrò. "Wọ́n ní ìyá rẹ ò níbi tó máa gbé mọ́. Mo ní kí n wá mú un."

"Ìsẹ́yìn ni wọ́n ń lọ, bàbá. Ọ̀dọ̀ Adégbìtẹ́ ni."

"Bẹ́ẹ̀ náà la máa ń pè é," bàbá ní.

Ìbídùnní fẹ́ sọ pé Ìsẹ́yìn tí òun ń wí yìí, Ìsẹ́yìn tó wà lójú ọ̀nà, tí mọ́tò ń lọ, ni. Ṣùgbọ́n fíríìjì ti fara ti ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń kùn, ó sì wúwo. Bó bá yẹ̀, fíríìjì á ṣubú. Ó fi ẹ̀yìn gbé e dúró, ó ń làágùn.

Àwọn obìnrin agbo ilé wọn ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wá wo ilé ìdáná tuntun. Àwọn kan ti kú nínú wọn, àwọn kan ṣì wà. Àwọn tó wà wọ bàtà, àwọn tó ti kú mú tiwọn lọ́wọ́. Ìyá Ìsàlẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, ló ṣáájú wọn. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ tiwọn.

"Ìbídùnní, o kú iṣẹ́ o, o kú làálàá," Ìyá Ìsàlẹ̀ ní. "Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà láàyè?"

Ìbídùnní ò fi gbogbo etí gbọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ wà lára fíríìjì, ojú rẹ̀ wà lára ògiri, ọkàn rẹ̀ ò sí níbì kankan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ń lé kiri láti àárọ̀ nìkan ló wọ̀ ọ́ létí.

"Ààyè ò sí, màmá," ó ní. "Ààyè ò sí rárá."

Ìyá Ìsàlẹ̀ tú gèlè orí wọn. Àwọn tó wà lẹ́yìn náà tú tiwọn.

"Háà! Ikú mà ṣe é o!"

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, Ìbídùnní. Ẹ̀yìn ìyá á dáa."

"Rárá o!" Ìbídùnní pariwo. "Ààyè fíríìjì ni mò ń sọ! Ibi tí a máa gbé e sí ni!"

"A gbọ́, ọmọ. Ààyè ò sí. Pẹ̀lẹ́, mọ́kàn le."

"Màmá mi wà nínú yàrá!"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Ìyá Ìsàlẹ̀ ní, wọ́n sì ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. "Inú yàrá náà ni wọ́n máa ń wà, kí wọ́n tó gbé wọn jáde."

Ẹyin lohùn, ẹ sì mọ bí ẹyin ṣe ń ṣe bó bá balẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹnu òun ló ti jáde, ta ni Ìbídùnní fẹ́ ní kó bá òun kó o padà? Ó ń ṣàlàyé, wọ́n ń kí i. Ó ń búra, wọ́n ń ní kó má sunkún mọ́. Bẹ́ẹ̀ kò sunkún. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Ògiri ẹ̀yìn iná rọra jókòó sílẹ̀, kò pariwo, kò gbé eruku. Fíríìjì fi ẹ̀yìn Ìbídùnní sílẹ̀, ó rìn kọjá lórí búlọ́ọ̀kù, ó wọ yàrá màmá, ó sì dùbúlẹ̀ gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Ó ní, "Ó mà wọ̀ mí o."

Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń di ẹrù. Ìró, òòyà, ìgò àdín, gbogbo rẹ̀ ò kún gèlè kan.

"Àwẹ̀ró," màmá ní, "wọ́n ní mo ti kú."

"Irọ́ ni, màmá."

"Bí èmi náà ṣe wí nìyẹn. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Wọ́n ní ìwọ ni. Mo wá ní, tó bá jẹ́ Àwẹ̀ró ló sọ ọ́, ó ti rí bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ọmọ mi kì í parọ́."

Wọn ò bínú. Ojú wọn gbẹ. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá, ó sì dun Ìbídùnní ju kí wọ́n ṣépè fún un lọ.

Bàbá dìde lórí sílíńdà, wọ́n na ọwọ́. Màmá wo ọwọ́ náà, wọ́n tún wo Ìbídùnní.

"Ṣé kí n bá wọn lọ ni, àbí ó ṣì ku ibì kan? Mi ò ní gba ibi púpọ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kéré kí Ìbídùnní lè rí i. Wọ́n ká ẹsẹ̀, wọ́n ká apá, wọ́n ká ara wọn bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sá tán, títí wọ́n fi wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlùbọ́sà. "Wò ó, mo gbà á," wọ́n ní, wọ́n sì rọra ti ilẹ̀kùn mọ́ra wọn láti inú.

Ìbídùnní sáré ṣí i. Àlùbọ́sà nìkan ló bá níbẹ̀. Ó ṣí èyí tó tẹ̀ lé e, ilé ìdáná mìíràn ló wà nínú rẹ̀, ó kéré ju tirẹ̀ lọ, Ráṣákì kan ń ya ilẹ̀ níbẹ̀, Ìbídùnní kan sì kẹ̀yìn sí i, ó ń na téèpù. Ó pè é, kò yíjú. Ó ṣí òmíràn, koríko ló rí, koríko lọ rẹrẹ, kò sí ògiri kankan, kò sí igi, ààyè lásán ni títí dé ibi tí ojú rí i mọ. Ohùn kan ń bọ̀ lọ́nà jíjìn. Ó mọ̀ pé ohùn màmá òun ni, ṣùgbọ́n kò tíì dé, àárọ̀ ṣì ni níbẹ̀.

"Ààyè wà!" Ìbídùnní kígbe sínú kọ́bọ́ọ̀dù náà. "Màmá! Ààyè wà!"

Ó rí ohùn ara rẹ̀ tó ń rìn lọ lórí koríko, ó ń falẹ̀, ó ń falẹ̀, ó tún pariwo láti fi ti ohùn àkọ́kọ́ síwájú, ariwo kejì yìí ló sì gbọ́ pẹ̀lú etí ara rẹ̀, lórí àga tó sùn lé ní pálọ̀, lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn gba fèrèsé wọlé sí i lójú.

Ráṣákì dúró sẹ́nu ọ̀nà, àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká rẹ̀.

"Màdáámù, ẹ má bínú, mo ti ń kanlẹ̀kùn tipẹ́. Bíríkìlà ń bẹ níta. Ògiri wo la fẹ́ wó?"

Ohùn màmá jáde láti inú yàrá, pẹ̀lú ikọ́ díẹ̀. "Àwẹ̀ró, ta lò ń pariwo mọ́? Ta ló dé?"

Ìbídùnní ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀. Ó ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.

"Màmá mi wà láàyè," ó ní.

Ráṣákì wò ó. "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, màdáámù. Wọ́n á pẹ́ fún yín. Ògiri wo wá ni?"

"Ẹ má wó nǹkan kan," Ìbídùnní ní. "Kí fíríìjì máa gbé pálọ̀."