Oorun Haleem

Kí ẹ tó bá mi wí, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ni Haleem, láti ìgbà tó sì ti wọṣẹ́ ọkọ̀ òkun, ọdún kan lè kọjá kí n má fojú kàn án. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ń já sìmẹ́ǹtì ní Àpápá, ló bá yọ́ wá sí agbo ilé wa ní Ìdúmàgbò láago mọ́kànlá àárọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata.

Ó ní, "Mọ́mì, oorun ni mo bá wá o. Ọjọ́ kẹta rèé tí mi ò tíì sùn. Ẹni tá a jọ ń pín iṣẹ́ ń ṣàìsàn, wọn ò fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní ká máa kọ ọ́ sínú ìwé pé à ń sùn wákàtí mẹ́wàá, èmi náà sì ń fọwọ́ sí i. Alẹ́ òní lọkọ̀ wa máa ṣí, títí ilẹ̀ á sì fi mọ́, èmi nìkan ni n ó máa wo iwájú ọkọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jí mi títí di aago mẹ́rin."

Mo ní, "Lọ sùn, ọkọ mi. Ta ló máa kọjá lára mi?" Mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà.

Kò tíì pé wákàtí kan tí Alhaji Jimoh, olórí ẹbí wa, fi tẹpá wọlé. "Wọ́n ní Haleem dé. Kò lè wá kí mi?" Ṣé kí n wá lé àgbàlagbà padà ni? Haba! Kí wọ́n wá sọ pé mi ò kọ́ ọmọ mi? Mo lọ gbá a lẹ́sẹ̀: "Haleem, dìde." Ó dọ̀bálẹ̀, ojú rẹ̀ ò là tán.

Ìyá Hàwáwù tó gbẹ̀bí rẹ̀ náà dé, ó fẹ́ ṣàdúrà fún un. "Haleem, dìde." Àdúrà ọ̀hún ò sì tán bọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọwọ́ ara mi ni. Mo ti se mọ́ínmọ́ín, mi ò fẹ́ kó lọ lébi. "Haleem, dìde." Oorun gbé e lọ pẹ̀lú ṣíbí lẹ́nu, mo sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ọlọ́run o, mo rẹ́rìn-ín!

Kò bá mi jà nígbà tó ń lọ. Ó kàn ní, "Tí ẹ bá ti kírun àárọ̀ tán, ẹ pè mí, kí oorun má baà gbé mi lọ."

Mo kírun, mo pè é. Fóònù dún títí, kò gbé e. Mo tún pè. Alhaji Jimoh ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, ó ní, "Ìyá Haleem, fi ọmọ sílẹ̀ jàre. Bóyá ó ń sùn ni. Jẹ́ kó sinmi."

Mi ò mọ̀gbà tí mo jágbe mọ́ àgbàlagbà. "Kò gbọdọ̀ sùn!" Mo ń pariwo sínú fóònù tẹ́nì kankan ò gbé: "Haleem, dìde! Haleem, dìde!" Nígbà tó yá, kò dún mọ́.

Ọjọ́ kejì ni ọkùnrin kan wá láti ọ́fíìsì wọn ní Marina. Ó ní ọkọ̀ náà forí sọ ọkọ̀ epo tó dúró jẹ́ẹ́, wọn ò tíì rí Haleem. Ó ní ẹ̀bi rẹ̀ ni, nítorí ìwé tó fọwọ́ sí fi hàn pé ó sùn dáadáa. Alhaji wolẹ̀, Ìyá Hàwáwù wolẹ̀.

Mo ní, "Irọ́ nìwé yẹn ń pa. Ọmọ mi ò sùn. Èmi ni mo jí i."