Ẹyẹ Tó Jókòó Jẹ́jẹ́

Kí wọ́n tó wọ ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́yẹ ni Ìyá Aránṣọ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ọmọ kì í ṣàdédé gbé ìyá rẹ̀ jáde láàárọ̀ Sátidé, kó tún máa rẹ́rìn-ín sí i láìnídìí. Oṣù tó ń bọ̀ ni ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́ mú un lọ máa gbé ní yàrá kan lókè àjà kẹrin, níbi tí kò sí igi, tí kò sí ilẹ̀, kí ẹlòmíì wá máa gbé ilé rẹ̀. Ẹyẹ tí wọ́n wá rà yìí ni wọ́n fẹ́ fi dípò ọgbà fún un. Ogún ọdún ló ti ń da jéró sábẹ́ igi gúáfà fún àdàbà, ẹ̀gà àti ológoṣẹ́. Kò tíì sọ pé òun ń lọ. Kò sì sẹ́ni tó bi í.

"Mọ́mì, ẹ mú èyí tó bá wù yín."

Nínú kéèjì, àwọn ẹyẹ kéékèèké aláwọ̀ ewé ń pariwo bí ẹbí tó fẹ́ pín ogún. Ọmọ kọjá wọn, ó lọ dúró níwájú ọ̀kan ní kọ̀rọ̀, tó wú ìyẹ́ rìbìtì, tó dijú.

"Èyí ló dáa. Ó sanra, ó tún jẹ́jẹ́. Kò ní yọ yín lẹ́nu."

Ìyá wò ó bó ṣe máa ń wo aṣọ kó tó ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Ó ní kí ẹlẹ́yẹ mú un jáde. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i láyà, ìyẹ́ pínyà, egungun yọ ṣóńṣó.

"Baba ẹlẹ́yẹ, ìgbà wo lèyí ti jẹun gbẹ̀yìn?"

Ọkùnrin náà ń nu káńtà tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. "Ó tó ọjọ́ mẹ́ta, Màmá."

Ìyá yíjú sọ́mọ. "Ẹyẹ tó bá wú ìyẹ́, tó jókòó jẹ́jẹ́ lọ́sàn-án gangan, kò sanra. Ara rẹ̀ ni ò yá. Òun lo sì ní ó dáa. Bó o ṣe fẹ́ kémi náà máa jókòó nìyẹn."

"Mọ́mì, ẹ ṣubú lóṣù tó kọjá."

"Mo ṣubú, mo sì dìde. Ṣé ìwọ kì í ṣubú ni?"

Inú ń bí i, kò sì fi pamọ́. Ó ní kí ẹlẹ́yẹ gbé ẹyẹ náà lọ síbi tó móoru, kó wá dókítà ẹran fún un. Ó wá nawọ́ sí àpò jéró tó ga jù nílẹ̀.

"Ìyẹn, Màmá? Ọdún kan gbáko lẹyẹ máa fi jẹ ẹ́."

"Òun ni mo fẹ́."

"Ọdún kan?" ni ọmọ wí. "Ta ló máa wà níbẹ̀ tí á máa dà á fún wọn?"

"Èmi. Gbé e sínú mọ́tò."

Lọ́sàn-án, ọmọ gbé àpò náà dé ìdí igi gúáfà, òógùn bò ó. Ìyá gbé ìdérí ìkòkò àtijọ́ kan sórí búlọ́ọ̀kù, ó kọ inú rẹ̀ sókè, ó ní kó bu omi sí i.

"Rọra. Ẹyẹ kì í wẹ̀ nínú kànga."

Ológoṣẹ́ méjì ti balẹ̀ sórí ògiri, wọ́n ń wò wọ́n.

"Mọ́mì, mo ti sọ fẹ́ni tó fẹ́ gba ilé yìí pé kó máa bọ̀."

"Sọ fún un pé ilé ti ní ènìyàn," ni Ìyá Aránṣọ wí, ó bu ẹ̀kúnwọ́ jéró. "Pè é níṣojú mi."

Ọmọ nu ọwọ́ rẹ̀, ó yọ fóònù.