Obìnrin Tó Ni Bàtà Náà

“Obìnrin kan wà tó máa ń wá sọ́dọ̀ mi,” Onímọ̀ràn wí látorí pèpéle, “tí ọmọ rẹ̀ kú. Ẹ gbọ́, ọdún méjì gbáko ni kò fi gbé bàtà ọmọ yẹn kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Láràárọ̀ ló máa ń kí bàtà!”

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn pátápátá, nídìí ẹ̀rọ ohùn, ni obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rọ jókòó sí. Òun ló ni bàtà. Oṣù mẹ́fà ló fi jókòó ní ọ́fíìsì ọkùnrin yìí, tó ń tú ikùn rẹ̀ palẹ̀ fún un. “Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ níbí, inú kànga ló já sí,” Onímọ̀ràn ti ṣèlérí. Àṣé kànga ọ̀hún lẹ́nu! Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn kó rí ẹni tó ń tọ́jú máìkì rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Baba Oníná, àgbàlagbà tó ń bójú tó iná gbọ̀ngàn, yíjú sí Ẹlẹ́rọ. Ó ti fojú ara rẹ̀ rí bàtà náà lọ́jọ́ tó wá kí i kú àdánù.

“Ọmọ mi, má dá a lóhùn o.”

“Èmi kọ́, Bàbá. Máìkì ni yóò dá a lóhùn.”

Ó yí bọ́tìnnì kan. Máìkì han goooro, ó gún gbogbo èèyàn létí. Onímọ̀ràn ta gìrì, omi inú ife rẹ̀ dà sí i láṣọ. Ẹ̀rín tún sọ, àmọ́ òun ni wọ́n ń rín. Ó dùn mọ́ Ẹlẹ́rọ dénú eegun. Ó jẹ́ kí Onímọ̀ràn sọ gbólóhùn méjì, ó tún yí i.

“Ó tó báyìí, jàre. O ti gbẹ̀san.”

“Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, Bàbá, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Kò tíì tó.”

Ó pa máìkì Onímọ̀ràn, ó mú òmíràn dání, ó sì rìn lọ síwájú.

“Ẹ káàsán o. Èmi ni mo ni bàtà yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọmọ mi. Ọkùnrin yìí ní etí kẹta kò ní gbọ́. Ẹ ka iye etí tó wà níbí.”

Onímọ̀ràn sún mọ́ ọn. “Àǹtí, ẹ dákun, mi ò kúkú dárúkọ yín.”

Obìnrin kan dìde ní ìlà kẹta. “Ọ̀gá, tèmi ńkọ́? Ibo lẹ ti sọ tèmi?”

Ọkùnrin kan dìde lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, èèyàn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹlẹ́rọ fi wọ́n sílẹ̀ fún ara wọn. Orí àtẹ̀gùn ìta ni Baba Oníná ti bá a.

“Ṣé ara tù ọ́ báyìí?”

“Ó dùn mọ́ mi, Bàbá. Àmọ́ kò tù mí.” Ó nu ojú rẹ̀, ó fa fóònù yọ, ó pe ilé ìwòsàn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń sọ fún un láti ọjọ́ pípẹ́. Nọ́ọ̀sì kan gbé e.

“Ẹ jọ̀ọ́, tí èèyàn bá bá dókítà ọpọlọ yín sọ̀rọ̀, ta ló tún máa ń gbọ́?”

“Kò sẹ́ni tó máa gbọ́, mà, àfi tí ẹ̀mí èèyàn bá wà nínú ewu. Òfin iṣẹ́ wa ni.”

Ẹlẹ́rọ jókòó sórí àtẹ̀gùn.

“Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀ fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun.”