Ọjọ́ Tí A Se Sẹ́ńsọ̀

Mẹkáníìkì àdúgbò wa kò ní orúkọ mìíràn ju Mo-ti-mọ̀ lọ, torí pé kí èèyàn tó la ẹnu sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ rẹ̀, yóò ti ní òun ti mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ó ki ẹ̀rọ kékeré tó fi ń ka àrùn ọkọ̀ bọ abẹ́ sítíárìn mi, ó wo ojú rẹ̀, ó mi orí bí ẹni tó fẹ́ túfọ̀. Ó ní sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ bí omi inú ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó ti kú, ó sì ti fa ọpọlọ ọkọ̀ náà, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, kú mọ́ra. Kí n ra méjèèjì. Iye tó pè, bí mo bá ní in, ọkọ̀ òfurufú ni ǹ bá máa fi kó búrẹ́dì.

Búrẹ́dì ni mò ń kó, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Láti ilé búrẹ́dì ni mo ti ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́kàndínlógún, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí ọkọ̀ mi ti ń wúkọ́, tó ń tu èéfín dúdú, tó sì ń kú sójú ọ̀nà. Ọ̀gá ilé búrẹ́dì ti wá pè mí: bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá lù tí òun kò rí mi lẹ́nu géètì, oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tó ti ń ṣojú kòkòrò sí ọ̀nà mi láti èṣín ni òun máa gbé iṣẹ́ náà fún, kò sì ní jẹ́ fún ọjọ́ kan péré. Ṣọ́ọ̀bù mọ́kàndínlógún tí mo fi ẹnu ara mi wá.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Mo-ti-mọ̀, mo ní kó máa lọ. Ó bi mí pé ta ló máa tún un ṣe. Mo ní èmi ni. Ó rẹ́rìn-ín títí sípánà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lóòótọ́, mi ò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni rí, fóònù tójú rẹ̀ ti fọ́ bí ẹyin ló kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ibi tí ẹkún ti ń wá ni ẹ̀rọ rẹ̀ yẹn ń sọ, kò sọ ẹni tó lu ọmọ.

Owó ọwọ́ mi kò lè rà ju téèpù dúdú kan lọ. Mo yá míta tí wọ́n fi ń wọn iná lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ní ìkángun òpópónà wa, mo tú sẹ́ńsọ̀ náà, ohun tí kò ju àtàǹpàkò lọ, mo gbé e wọ ilé ìdáná.

Ìyá ọkọ mi ni mo bá níbẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni màmá fi ṣe nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ náà kò sì tíì fi wọ́n sílẹ̀. Bí fíríìjì bá ń kùn, wọ́n á gbé etí lé e láyà. Mo ṣàlàyé fún wọn pé a máa gbé sẹ́ńsọ̀ sínú omi tútù, a máa tan iná sí i, a máa wo míta. Bí ara rẹ̀ bá le, bí omi bá ṣe ń gbóná ni nọ́ńbà ojú míta á máa wálẹ̀. Bí nọ́ńbà bá dúró gbagidi, tàbí tó ń fò kiri bí ìrẹ̀, ó ti kú nìyẹn.

Màmá kò béèrè bóyá orí mi pé. Ìkòkò wo ni wọ́n béèrè. Mo tọ́ka sí èyí tó ń dán jù. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n mú èyí tí ìdí rẹ̀ ti jó fún mi, wọ́n sì lọ mú ìwé àti bírò wá.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í se sẹ́ńsọ̀ nìyẹn. Mo fi okùn so ó rọ̀ sára ṣíbí onígi, mo fi wáyà míta kàn án lórí. Màmá fa ìlà sórí ìwé bí wọ́n ti í fà á lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, wọ́n ń kọ nọ́ńbà ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Ọkọ mi, tó jẹ́ télọ̀, tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú, yọjú wá bi wá pé kí ni à ń sè tí kò ta sánsán. Màmá ní kó má pariwo, aláìsàn ń bẹ níbí.

Nọ́ńbà ń sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò fò, kò dúró. Nígbà tí omi hó, màmá de bírò wọn.

"Ara ẹ̀ dá ṣáṣá," ni wọ́n wí. "Dá a sílẹ̀ kó máa lọ sílé."

Inú mi dùn fún sẹ́ńsọ̀, àyà mi já fún ara mi. Aago méjì ti kọjá. Bí kì í bá ṣe sẹ́ńsọ̀, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ọpọlọ ọkọ̀ lóòótọ́, ta ló sì máa gbà mí lẹ́nu Mo-ti-mọ̀? Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìyàwó mi, ìwé kọ́ ni aláìsàn," ni màmá wí. "Ibo ló ń dùn ún?"

Mo ní ọkọ̀ kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọmọ ọjọ́ mẹ́ta náà kì í sọ̀rọ̀, àwọn a sì máa tẹ̀ ẹ́ níkùn títí àwọn á fi kan ibi tó ti máa ké.

A dá sẹ́ńsọ̀ padà sáyè rẹ̀, mo ṣíná sí ọkọ̀. Màmá ká apá aṣọ wọn sókè, kí fáànù ẹ́ńjìnnì má baà gbé e. Wọ́n mú wáyà tó ti ara sẹ́ńsọ̀ jáde, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ojú wọn ò sí lára wáyà rárá, etí ni wọ́n ń fi wò ó. Wọ́n dé ibì kan tí ẹnìkan ti dè é mọ́ páìpù, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, èéfín dúdú tú jáde. Wọ́n ṣíwọ́, ọkọ̀ balẹ̀. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, ó tún wúkọ́.

"Ibí ló ń dùn ún," ni màmá wí, bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Mo bú sẹ́rìn-ín, àwọn náà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin sí i, fún adùn lásán, a sì dúró níbẹ̀, èmi àti àgbàlagbà, à ń mú ọkọ̀ wúkọ́ bí aláwàdà.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó wo ohun tí ẹni náà fi de wáyà. Òwú ìránṣọ ni. Ẹni tó dè é yí i lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ó ta á ní kókó, ó gé etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Mo pe ọkọ mi. Ó jáde tòun ti téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó rí òwú, ó sì fà sẹ́yìn. Ó ní nígbà tí òun ń bá mi fọ ọkọ̀ lóṣù tó kọjá, òun rí i tí wáyà náà rọ̀ dirodiro bí etí aṣọ tó tú, ojú sì ti òun fún mi, lòun bá fà á le, lòun bá dè é.

Mo ní, "Olówó orí mi, ẹ́ńjìnnì a máa mì. Wáyà ní láti rí ibi bá a mì sí."

"Bí abẹ́ apá aṣọ," ló wí. "Téèyàn ò bá fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ apá, yíya ló máa ya."

Mo tú òwú náà, mo la awọ wáyà. Bàbà inú rẹ̀ ti já sí méjì, orí wọn kàn ń kan ara wọn ni. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá pínyà, ọpọlọ ọkọ̀ á rò pé omi inú ẹ́ńjìnnì tutù bíi yìnyín, á sì máa da epo lé e títí á fi há a lọ́fun. Ọkọ mi kò jẹ́ kí n so ó fúnra mi. Ó gé wáyà kékeré kan lára àtùpà oníná mànàmáná àtijọ́ kan, ó fi lọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ ṣe é, ó yí téèpù dúdú mọ́ ọn, ó sì fi àyè sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní kó dín in kù.

A dé ẹnu géètì nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́fà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí màmá ní a kì í jẹ́ kí aláìsàn nìkan lọ sílé. Oníkẹ̀kẹ́ ti ń kó búrẹ́dì. Ó sọ fún ọ̀gá pé ọkọ̀ mi á tún kú lójú ọ̀nà. Mi ò bá a jà. Mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì láìpa ọkọ̀, mo ní kó wá tẹ wáyà tó bá wù ú. Ó tẹ̀ ẹ́, ó fà á, ó mì í. Ẹ́ńjìnnì kò tilẹ̀ wúkọ́.

Ọ̀gá wo aago, ó ní kí oníkẹ̀kẹ́ sọ búrẹ́dì náà kalẹ̀.

Wọ́n kó búrẹ́dì gbígbóná kún ẹ̀yìn ọkọ̀, ó kún orí àga, ó kún orí itan màmá níwájú. Kò síbi tí ọkọ mi máa jókòó sí mọ́. Ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, ó ń fi téèpù ìwọnṣọ júwọ́ sí wa títí a fi yà ní kọ́nà.