Ọjọ́ tí Ìnàkí Wá sí Ìdána

Gbogbo abúlé ló mọ ohun tí Bitariho fẹ́ sọ lọ́jọ́ ìdána Kembabazi, ọmọ rẹ̀: bí Twinomujuni bá fẹ́ ẹ, kí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ wo? Iṣẹ́ kó máa fi sùúrù da ìnàkí padà sínú igbó Bwindi nígbà tí wọ́n bá yà wọ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bitariho ní tàkúté lòun fẹ́ dẹ ní tòun, ọ̀gẹ̀dẹ̀ òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Twinomujuni ní gbogbo ìnàkí orí òkè tó kù láyé ò ju èrò ọjà kan lọ, òun ò ní fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n run. Olórí kunkun méjì! Kembabazi wà láàárín wọn.

Ọjọ́ pé, àlejò kún àgbàlá. Tibesigwa, agbẹnusọ ọkọ, tí ohùn rẹ̀ máa ń dé òkè kejì, ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ni igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan dá wááá lẹ́yìn ilé. Mukuru ló yọ, akọ ìnàkí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti funfun bí eérú, àti àwọn ìyàwó rẹ̀. Ọ̀kan gbé ọmọ tuntun mọ́ àyà.

"Ẹ lóṣòó! Ẹ má wò ó lójú, ẹ má pariwo," Twinomujuni sọ jẹ́jẹ́.

Tọmọdé tàgbà lóṣòó, tàwọn taṣọ ńlá wọn. Ṣùgbọ́n Tibesigwa ò lè dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀yin àna wa," ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ìyàwó la wá fẹ́ o."

"Sọ̀rọ̀ sókè jàre," àbúrò bàbá ìyàwó dáhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "àbí o ò jẹun kúrò nílé?"

Kembabazi ki aṣọ bọ ẹnu kí ẹ̀rín má baà bú jáde.

Bitariho nìkan ló dúró. "Nínú àgbàlá èmi? Kí n lóṣòó fún ọ̀bọ?"

Mukuru lu àyà, ó sáré bọ̀, ó sì dúró gbagidi níwájú rẹ̀. Bitariho jókòó bàà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Twinomujuni, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ ọmọkùnrin náà mú. Mukuru wò wọ́n títí, ó fa ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ya, ó sì kó ìdílé rẹ̀ lọ.

Ohùn Tibesigwa padà dé. "Ẹ wò ó! Bàbá ìyàwó ti di ọkọ lọ́wọ́ mú níṣojú gbogbo wa! Nínú ẹbí yín, ṣé kì í ṣe pé ó ti gbà nìyẹn?"

Ariwo ẹ̀rín ta. Kembabazi ò rẹ́rìn-ín mọ́, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ń wò. Bó bá jọ̀wọ́ ọwọ́ Twinomujuni, ìdána ti bàjẹ́.

"Ẹ̀rù ló bà mí," Bitariho sọ. Kò jọ̀wọ́ ọwọ́. Ó yíjú sí Twinomujuni. "Ọmọ tuntun yẹn, ìgbà wo ni wọ́n bí i?"

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bàbá."

"Ó fi imú jọ ọ́."

"Ẹ ṣé, Bàbá." Twinomujuni béèrè pé, "Iṣẹ́ mi wá ńkọ́?"

"Bí o bá fi í sílẹ̀, òmùgọ̀, ọwọ́ ta ni n óò máa dì mú?"